Kíkọ́ fáìlì ìwádìí ohun ìdógò fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìkòròdú

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Tẹ́lẹ̀, oníduró méjì ló ń dúró fún ẹni tó bá fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, owó náà kì í sì í ju ìlọ́po méjì ohun tí onítọ̀hún ti fi pamọ́ lọ. Nígbà tí ìpàdé gbogboogbò wá fọwọ́ sí i pé kí ẹni tó ní ilẹ̀ tàbí ẹ̀rọ máa fi dógò kó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kọ́kọ́ ṣètò bí a ó ṣe máa mọ̀, kí owó tó jáde, bóyá gbèsè ẹlòmíràn ti wà lọ́rùn ohun tí wọ́n gbé wá. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Bí a ṣe kọ́ ètò ọ̀hún ni mo kọ síbí, àti ohun tí ojú wa rí nínú àwọn fáìlì tí a kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹgbẹ́ tó bá wà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì lè mú èyí tó bá wúlò fún wọn.

Owó ẹlẹ́ja Ìpakodò ló wà lọ́wọ́ wa, owó oníbúlọ́ọ̀kù Odògúnyàn, owó àgbẹ̀ Ìmọ̀tà, owó àwọn tó ń tajà ní Sábó. Tí ẹnì kan bá fi ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ báǹkì yá owó lọ́dọ̀ wa, tí kò sì rí i san, ìyá tó ń sun ẹja ló máa wá béèrè owó tirẹ̀ tí kò ní bá a nílẹ̀. Ìdí tí mi ò fi fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ojú-ìwé tí a yà

Kò sí ibì kan ṣoṣo ní Nàìjíríà tí ènìyàn lè lọ béèrè pé, "Ṣé gbèsè wà lọ́rùn nǹkan yìí?" kó sì rí ìdáhùn kíkún gbà. Ti ilẹ̀ wà ní Lands Registry ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà. Ti ohun tó ṣeé gbé kiri, bí ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, wà ní National Collateral Registry tí Central Bank dá sílẹ̀ ní 2016. Ti kọ́ńpìnnì wà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ìtàn bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè wà lọ́dọ̀ àwọn credit bureau. Ẹjọ́ wà ní kóòtù. Ti ilẹ̀ ẹbí, ẹnu àwọn ẹbí ni púpọ̀ rẹ̀ wà.

Ojú-ìwé tí mo yà fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní òpó mẹ́rin: ibi tí a ti béèrè, ohun tí a fi béèrè, ọjọ́, àti ìdáhùn. Òpó kejì ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Tí ẹnì kan bá kọ "kò sí gbèsè" sínú fáìlì, tí kò kọ ohun tó fi béèrè, ọ̀rọ̀ yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣé orúkọ ló fi wá a ni àbí nọ́ńbà? Orúkọ wo? Àwọn èèyàn wa ní orúkọ ilé, wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ti ọkọ, wọ́n sì ní èyí tí gbogbo ọjà fi mọ̀ wọ́n. Rẹ́jísítà kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. Tó bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé kò sí gbèsè, ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè wa ni kò kàn án. Ẹni tó bá ṣí fáìlì lẹ́yìn ọdún méjì gbọ́dọ̀ lè mọ èyí tó jẹ́.

Alága wa kọ́kọ́ rò pé òpó náà máa fa iṣẹ́ gùn. Ó fa á gùn lóòótọ́. Mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Ìgbógbó: èyí tí báǹkì ò tíì tú sílẹ̀

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbé C of O (ìwé ẹ̀rí onílẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) ilẹ̀ wọn ní Ìgbógbó wá. Wọ́n fẹ́ fi yá owó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ píọ̀ wọ́tà. Ojúlówó ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀dà, wọn ò sì fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti fi ọ̀rá lẹ̀ kò ṣeé lu òǹtẹ̀ tuntun lé mọ́, ojú kì í sì í tètè rí ibi tí wọ́n bá ti pa nǹkan rẹ́ lára rẹ̀. Mo ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ní ìwé ilẹ̀ nílé: inú ọ̀rá lásán ni kí ẹ fi í sí, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń lẹ ọ̀rá mọ́wèé.

Níbi òǹtẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà: ti ìwé, ti ojú-ewé, àti ti volume. Ní Èkó, méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń jọra, ìkẹta ló máa ń gbé ọdún dání. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ń wá ìwé jáde ní Aláúsá, níbi tí Lands Registry Èkó wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni mo kọ sí òpó kejì. Lọ́yà wa kọ lẹ́tà, a san owó ìjọba, a gba risíìtì, a sì dúró de èsì.

Èsì sọ pé ilẹ̀ wà lórúkọ Bàbá, ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti ìwé mu. Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ti fi ilẹ̀ náà dógò fún báǹkì kan ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé báǹkì tú u sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn, sà," ni mo kí wọn nígbà tí wọ́n dé. "Aláúsá ní ilẹ̀ yín ṣì wà lọ́wọ́ báǹkì."

"Báǹkì wo, ọmọ mi? Mo ti san owó yẹn tán kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló fọwọ́ ara wọn dá C of O yìí padà fún mi."

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Ṣé wọ́n fún yín níwèé pẹ̀lú ẹ̀?"

Lẹ́tà ni wọ́n fún wọn. Bàbá yọ ọ́ nínú àpamọ́wọ́, ibi tí wọ́n ká a sí ti fẹ́ẹ̀ ya tán, ó sì sọ lóòótọ́ pé gbèsè ti tán. Lẹ́tà yẹn fi hàn pé olóòótọ́ èèyàn ni Bàbá. Ṣùgbọ́n Deed of Release ni rẹ́jísítà ń dúró dè: ìwé tí báǹkì fọwọ́ sí láti tú ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Aláúsá bí wọ́n ṣe forúkọ gbèsè fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Títí ìyẹn yóò fi wọlé, ẹni tó bá yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò yóò máa rí báǹkì níbẹ̀, ọmọ àti ọmọ-ọmọ Bàbá yóò sì bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún.

Báǹkì ọ̀hún kò sí mọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tí Central Bank pàṣẹ pé kí owó ìdásílẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan má dín ní bílíọ̀nù 25 náírà, báǹkì 89 ló di 25 nígbà tí 2005 ń parí. Àwọn kan dà pọ̀, wọ́n gba orúkọ tuntun. Àwọn tí kò rí owó náà kó jọ, Central Bank gba ìwé àṣẹ wọn, NDIC, àjọ tó ń dúró fún owó àwọn tó fi owó sí báǹkì, ló sì gba ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ bójú tó. Tí ẹ bá rí orúkọ báǹkì àtijọ́ lórí ìwé ilẹ̀, ẹ wádìí ẹni tó jogún rẹ̀ kí ẹ tó máa sáré kiri. Báǹkì ti Bàbá ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn, nítorí náà báǹkì tó jogún rẹ̀ ni lọ́yà kọ̀wé sí. A fi lẹ́tà Bàbá ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ìwé yẹn tó dé, a ò fi ilẹ̀ náà ṣe ìdógò. Owó kékeré ni a yá Bàbá lórí oníduró méjì gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ kànga dẹ̀rọ̀ tí wọ́n máa nílò fún iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn jáde lára fáìlì yìí tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yòókù mọ̀. Land Use Act ti 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, apá kejìlélógún rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó ní C of O kò gbọ́dọ̀ tà á tàbí fi dógò láìgba àṣẹ gómìnà. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó jẹ gbèsè fúnra rẹ̀ ló sọ ní kóòtù pé wọn ò gba àṣẹ gómìnà nígbà tí òun fi ilé dógò, kóòtù sì gbà pé ìdógò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba ìwé ilẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tó rò pé òun ti ní ìdógò lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí rẹ́jísítà dákẹ́, tí ìwé ò sì sí nílé

Ọmọ ẹgbẹ́ kan gbé ẹ̀dà tí Aláúsá fọwọ́ sí wá. Ó ní ojúlówó ti sọnù nígbà tí omi wọlé wọn. Ìwé ìbúra wà, ti ọlọ́pàá wà. A ṣe ìwádìí ní Registry, kò sí gbèsè kankan lábẹ́ ilẹ̀ náà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Kò tó, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ènìyàn lè gbé ojúlówó ìwé ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó yá a lówó, kí wọ́n ní àdéhùn pé ọwọ́ ẹni náà ni yóò wà títí gbèsè yóò fi tán. Irú ìdógò bẹ́ẹ̀ lè lágbára lábẹ́ òfin, àmọ́ ó lè má dé Aláúsá rárá. Nígbà mìíràn, àmì kan ṣoṣo tó máa fi hàn ni àyè òfo tí ìwé náà fi sílẹ̀ nílé onílẹ̀. Nítorí náà, "ìwé ti sọnù" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ tọpa rẹ̀, kódà tí ẹni tó sọ ọ́ bá jẹ́ ènìyàn gidi.

A ní kó bá wa gba ìròyìn rẹ̀ lọ́dọ̀ credit bureau. Mẹ́ta ló ní ìwé àṣẹ Central Bank: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, òfin tó sì dúró lé iṣẹ́ wọn lórí ni Credit Reporting Act ti 2017. Ìròyìn ọ̀hún fi gbèsè kan hàn tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní ilé ìyáwó kan, wọ́n sì kọ ìwé ilẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. A ò pariwo. Alága pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ, ó sì fa ìbéèrè owó rẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ó ń fi owó pamọ́.

Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé ẹ̀dà wá, ìròyìn credit bureau gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìròyìn yẹn ní BVN ènìyàn nínú (nọ́ńbà tí gbogbo báǹkì fi ń dá ènìyàn mọ̀), nítorí náà a kì í gbà á láìjẹ́ pé onítọ̀hún fọwọ́ sí i, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń wà, a kì í fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà wà ní Nàìjíríà láti 2023, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, àṣírí ọmọlàkejì kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri.

Ibi tí Ìkòròdú parí sí

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń yáni lówó ní agbègbè wa ka apá yìí dáadáa.

Tí ènìyàn bá gba Odògúnyàn kọjá lọ sí ọ̀nà Ṣàgámù, yóò dé Ògijó. Ògijó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ń ná ọjà Ìkòròdú, ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé ní Ìkòròdú, tí wọ́n bá sì ń júwe ilé wọn, "Ìkòròdú" ni wọ́n máa wí. Risíìtì ilẹ̀ wọn náà sábà máa ń kọ "via Ikorodu" sí i. Tí ẹ bá gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Aláúsá, èsì á ní kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, nítorí Abẹ́òkúta ni ìwé rẹ̀ wà.

Ìwé kan tó dé ọ̀dọ̀ wa rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ojú awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ tó o. Lórí ìwé sọ́fè, létí òkúta ààlà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà òkúta náà wà, àti nọ́ńbà gígùn méjì tó ń sọ ibi tó wà lórí ilẹ̀ ayé. Ní àárín ìlú Ìkòròdú, easting (nọ́ńbà ìhà ìlà-oòrùn) máa ń wà ní nǹkan bí 556,000, northing (nọ́ńbà ìhà àríwá) ní nǹkan bí 731,000, ní Zone 31 tí wọ́n ń lò fún Èkó. Awọnlẹ̀ wa wo ti ìwé náà, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ti sọdá ààlà o." Ó ṣírò rẹ̀ lórí máàpù kó tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ fẹ́ máa tẹ nọ́ńbà sọ́fè sínú máàpù orí fóònù fúnra wọn. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n Minna tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò níbí àti èyí tí fóònù ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì tó láti gbé ènìyàn kúrò lórí púlọ́ọ̀tì rẹ̀ bọ́ sórí ti aládùúgbò. Púlọ́ọ̀tì wa níbí kò ju 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 lọ.

Fún ilẹ̀ tó bá wà ní Èkó, awọnlẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà wọ̀nyẹn lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General kí wọ́n bá a wò ó bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Èsì rẹ̀ ṣe pàtàkì ju risíìtì èyíkéyìí lọ. Tó bá jẹ́ "committed", ìjọba ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹ má wulẹ̀ dúró sí i. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ fún abúlé tó ni ín, ẹ béèrè gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi kéde rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá púlọ́ọ̀tì tí ẹ ń wò bọ́ sínú ibi tí gásẹ́ẹ̀tì dárúkọ, nítorí abúlé kan lè ní gásẹ́ẹ̀tì kí apá kan ilẹ̀ rẹ̀ má sí nínú rẹ̀. Risíìtì Land Use Charge kò sọ pé ẹni tó san án ló ni ilẹ̀. Owó orí ilé ni.

Ilẹ̀ ẹbí

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń gbé wá kò ní C of O. Risíìtì ẹbí ni wọ́n ní, àti sọ́fè. Registry kò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, nítorí wọn ò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Níbí ni àìsí ìdáhùn ti léwu jù, torí ó rọrùn láti kọ "kò sí gbèsè" sílẹ̀ kí ènìyàn sì sinmi.

Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni ìwádìí lẹ́nu àwọn tó ni ilẹ̀. Òfin wa náà mọ ìwúlò rẹ̀: láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ìtàn bí ìdílé ṣe ní ilẹ̀ wà lára ọ̀nà márùn-ún tí kóòtù gbà pé a lè fi jẹ́rìí sí i pé ẹnì kan ló ni ilẹ̀. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 sì sọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú títa ilẹ̀ ẹbí. Tí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan. Tí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbààgbà ìdílé, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà lórí risíìtì, mo máa ń wo ìfọwọ́sí mélòó ló wà, ojúlé wo ni oníkálùkù ti wá, àti bóyá ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olórí ẹbí lọ́jọ́ náà ni olórí ẹbí lóòótọ́.

Ọ̀kan tí a lọ wá wò sún mọ́ Báyékù. Èmi àti ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ la jọ lọ. Ìyá yẹn mọ ojúlé àwọn èèyàn náà láti kékeré. A kúnlẹ̀ kí olórí ẹbí, a gbé obì sílẹ̀, a sọ ohun tó gbé wa wá. Bàbá náà gba risíìtì, wọ́n mú un sún mọ́ ojú, wọ́n sì pe ọmọkùnrin kan láti inú ilé.

"Wá wo ìfọwọ́sí yìí. Ṣé ti bàbá yín ni?"

"Ti wọn ni, Bàbá. Àwọn ló tà á kí wọ́n tó jáde láyé."

"Ẹ gbọ́ yẹn?" ni Bàbá wí fún wa. "A tà á. Àmọ́ ìdajì púlọ́ọ̀tì ni a tà. Èyí tí wọ́n kọ síbí jẹ́ odindi."

Ìdajì tó kù, ẹlòmíràn ni wọ́n tà á fún, ó sì ti rọ fẹ́ńsì sí i. A lọ wo fẹ́ńsì náà kí a tó padà, a ya fọ́tò rẹ̀. Ní òpó kejì, mo kọ ojúlé olórí ẹbí sí i, àti ìbéèrè tí a bi wọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu wa.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ sí kóòtù gíga tó wà ní Ìkòròdú láti béèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ tí ẹjọ́ ń lọ lórí rẹ̀, ibi tí ìdájọ́ bá já sí ni òun náà já sí. Orúkọ ìdílé ni kí ẹ fi béèrè pẹ̀lú ti ẹni tó rà á, nítorí ìdílé ló sábà máa ń pe ẹjọ́. Tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé bá ti kú, ẹ béèrè ìwé ìjogún láti Probate, ẹ̀ka kóòtù tó ń bójú tó ogún, kí ẹ tó bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù Odògúnyàn

Oníbúlọ́ọ̀kù kan fẹ́ ra ẹ̀rọ kejì, ó sì fẹ́ fi èyí tó ń lò dógò. Òfin tó bójú tó irú rẹ̀ ni Secured Transactions in Movable Assets Act tó jáde ní 2017. Ẹni tó bá yá ènìyàn lówó lórí ẹ̀rọ lè kọ ọ́ sí National Collateral Registry, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba tirẹ̀ tí nǹkan bá dojú rú. Ẹ̀rọ lè wà nílé olówó rẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́, kí gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wá inú rẹ́jísítà náà.

Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ la nílò. Mo dé ibi iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì náà ń mì, wọ́n sì ní kí wọ́n pa á fún mi.

"Àǹtí, nọ́ńbà wo lẹ fẹ́ rí gan-an?" ni ọmọ iṣẹ́ béèrè.

"Èyí tó wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré yẹn."

Ọ́ìlì àti sìmẹ́ńtì ti gan mọ́ irin náà débi pé ìṣó mẹ́rin tó dì í mú nìkan la rí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ àkísà sínú bẹntiróòlù, ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀; mi ò jẹ́ kó fi ọ̀bẹ họ ọ́, kó má họ ojú nọ́ńbà. Mo fi ẹfun pa á, mo fi ọwọ́ nù ún, ẹfun sì kù sínú àwọn ibi tó jìn: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà méje. Lẹ́tà kejì ṣe rogodo. Ṣé O ni àbí òdo? Lára ọkọ̀, ìbéèrè yẹn kì í ṣòro, nítorí lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló wà nínú nọ́ńbà ṣàsí ọkọ̀ òde òní, wọn kì í sì í lo I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ó má baà dàrú mọ́ 1 àti 0. Ẹ́ńjìnnì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Torí náà, ọ̀nà méjèèjì la fi wá a, méjèèjì la sì kọ sílẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò irin náà.

Kò sí ohunkóhun. Nọ́ńbà yẹn kò sí nínú rẹ́jísítà, bí a ṣe wù ká kọ ọ́.

Oníbúlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ká fi BVN rẹ̀ wá a náà. Ibẹ̀ la ti rí i. Báǹkì kékeré kan ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí "gbogbo ẹ̀rọ iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù", láìkọ nọ́ńbà kankan sí i. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nìkan béèrè kò lè rí i láéláé. Mo gbé ojú-ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀, ìlà méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ọjọ́ kan náà, ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè ìdí tí òpó kejì fi wà.

Oníbúlọ́ọ̀kù kò mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ fún wa. Jẹnẹrétọ̀ ló rò pé òun fi dógò níbẹ̀, kò sì ka ìwé àdéhùn délẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́ sí i. Mo ka ti wa sí i létí ní Yorùbá látòkè délẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, mo sì gbàgbọ́ pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yáni lówó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bákan náà bóyá ó ra ẹ̀rọ náà ní hire purchase, ìyẹn kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti rà á bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á ló ṣì ni ín títí owó tó kẹ́yìn yóò fi wọlé, pàápàá lára kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti dánfó. Ó gbé risíìtì wá pé owó lẹ́ẹ̀kan ló fi rà á.

CAC

Ti CAC kò fún wa níṣẹ́ púpọ̀. Business name ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní, òun àti olówó rẹ̀ sì jẹ́ ẹnì kan náà lójú òfin. Kọ́ńpìnnì ló yàtọ̀. Tí kọ́ńpìnnì bá fi ohun ìní rẹ̀ dógò, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ ìdógò náà sílẹ̀ ní CAC láàárín 90 ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí CAMA 2020, òfin kọ́ńpìnnì, ṣe wí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lágbára sí àwọn yòókù tí kọ́ńpìnnì náà jẹ ní gbèsè. Nítorí náà, ẹ béèrè status report, ìwé tí CAC fi ń sọ bí kọ́ńpìnnì ṣe wà, kí ẹ sì wo orúkọ tó wà lórí risíìtì ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ ti kọ́ńpìnnì, dírẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo kò lè dá a gbé wá fún yín bí ẹní gbé ẹrù ara rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ti oníbúlọ́ọ̀kù, a kọ̀wé sí báǹkì kékeré yẹn, wọ́n sì kọ iye tó kù fún wa lórí bébà tí orúkọ wọn wà. Nínú owó tí a fẹ́ yá a, a san ìyẹn tààrà fún wọn, kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò nínú rẹ́jísítà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyókù máa jáde, mo tún fi nọ́ńbà àti BVN wá a, nítorí ìwádìí ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè sọ ohun tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ lánàá. Méjèèjì mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago, akápò sì fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì.

Ti Bàbá Ìgbógbó ṣì ń dúró de báǹkì. Lọ́yà ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó kù báyìí ni kí n kọ́ ẹni méjì mìíràn nínú ìgbìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kún ojú-ìwé náà, kí iṣẹ́ má baà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan láti àdúgbò Agric. Ìlà tó kàn fún wọn ni nọ́ńbà ṣàsí, tí wọ́n máa kà lára kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú ìwé tí olówó rẹ̀ gbé wá.